Apá Òsì Mi Ń Purọ́

"Mọ́mì, BP yín dára ju tèmi lọ o." Nọ́ọ̀sì náà ti ń ya ìdè ẹ̀rọ kúrò lápá mi, ó ń kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi sínú káàdì: 98 lórí 64. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi wọn apá ọ̀tún náà. Ó wò mí bí ìgbà tí oníbàárà bá tún fẹ́ ná ọjà tó ti sanwó rẹ̀ tán. Ẹni tó tò sẹ́yìn mi pòṣé. Ó di ẹ̀rọ mọ́ apá ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kùn títí, ó fún mi lápá bí ẹni fẹ́ já a, ó wá dákẹ́. 172 lórí 106. Ó tún un wọ̀n. 170 lórí 106. Kò bá mi wí ohunkóhun, ó dìde lọ pe dókítà.

Obìnrin kan náà, orí àga kan náà, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún láàrin apá kan sí èkejì. Ọ̀tún ló sọ òótọ́. Òsì ti ń purọ́ láti ọdún 2018, ẹ̀rọ ò sì lè mọ̀, torí ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ló máa kà. Èmi alápá ni mo gbọ́dọ̀ là á mọ́lẹ̀.

Takayasu arteritis ni orúkọ ohun tó ń ṣe mí. Ó wà nínú ìdílé àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní vasculitis, níbi tí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ti máa ń wú. Kì í ranni. Àwọn iṣan ńláńlá ni tèmi ń bá jà, ìyẹn òpó tó ti ọkàn jáde àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tó lọ sí apá, sí ọrùn, sí kíndìnrín. Obìnrin ló ń ṣe jù, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó pé ogójì ọdún.

Àrùn tó ṣọ̀wọ́n ni. Mi ò tíì fojú kan ẹlòmíràn tó ní in ní gbogbo Àkúrẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí oníbàárà mi kan mú àbúrò rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ọdún 24 ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un. Ó ká ìwé oògùn mọ́ ọwọ́ títí ó fi rí wúruwùru. Mo bi í pé kí ni wọ́n sọ fún un. Ó ní wọ́n ní kóun máa lo oògùn. Kí ni oògùn náà ń ṣe lára? Kò mọ̀. A jókòó fún wákàtí méjì, aṣọ oníṣọ ń dúró dè mí. Nígbà tó lọ tán ni mo rí i pé nínú gbogbo ohun tí mo sọ fún un, díẹ̀ ni ẹnìkan jókòó sọ fún èmi. Ojú mi ló fi rí ìyókù.

Aránṣọ ni mí, apá Arákalẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Oṣù Kejìlá ni àìsàn mi bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì ń ránṣọ mọ bí Oṣù Kejìlá ṣe ń rí: aṣọ ẹbí ìgbéyàwó mẹ́ta, ti òkú àgbà kan, aṣọ Kérésì àwọn ọmọ tí ìyá wọn kò ní mú wá títí di ọjọ́ 22. Ọwọ́ ọ̀tún mi ń gé aṣọ, ọwọ́ òsì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì. Èyí tó kàn ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ yẹn ló ń ro mí. Bí mo bá nà án sókè láti fi aṣọ kọ́, á wúwo bí ẹni gbé omi, àwọn ìka á tutù. Bí mo bá gbé e sórí itan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á lọ. Mo tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó tún dé. Mo fi Robb pa á, mo fi aṣọ gbígbóná jó o, mo ní máṣíìnì ló fà á.

Ibà alẹ́ tẹ̀ lé e, pẹ̀lú òógùn tó ń rin bẹ́ẹ̀dì. Mo lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta, ti táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbẹ́ ọrùn ń dùn mí bí mo bá fọwọ́ kàn án. Àwọn aṣọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ mọ́ mi lára, èmi fúnra mi ni mò ń fún wọn. Màmá mi ní ayé ti ta mí lọ́fà. Mi ò ní fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ níbí. Apá tó ń tutù, tó ń rọ, tí kò wú, tí kò lójú egbò: kí ni kí obìnrin tó ti rí ayé pè é?

Dókítà tó rí i kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lójú mi. Kò tíì kọ nǹkan kan. Ó mú ọrùn ọwọ́ mi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí bàbá bá fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ kọjá títì, ó sì tẹjú mọ́ ògiri. Ó sún ìka rẹ̀ lórí ti òsì, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, ó gbé e lọ sí ìgunpá, ó tún gbé e padà. Ó pẹ́ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í tijú. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀yin mà, ṣé ẹnikẹ́ni ti sọ fún yín rí pé iṣan ọwọ́ òsì yín ò lù?"

Ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ ìlù ọkàn lé òkè egungun èjìká mi, ó ní kí èmi náà wá gbọ́. Ó bọ̀ ọ́ sí mi létí. Ariwo kan ń fẹ́ níbẹ̀, fííì, fííì, bí atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ẹ̀jẹ̀ tó ń fipá gba ojú tó ti fún ló ń dún bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí ohun tó tẹ̀ lé e. Mo wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́, a gba Ìgbárà-Òkè, a gba Iléṣà, mo dé ilé ìwòsàn ńlá kan, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n yà mí ní sikáànù, owó lọ. Dókítà àgbà kan dúró síwájú mi pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yí i ká, ó fi òyìnbó ṣàlàyé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní ṣé ó yé mi. Mo ní ó yé mi sà.

Kò yé mi. Orúkọ àrùn náà, hóró Prednisolone mẹ́jọ láràárọ̀, àti ọjọ́ tí mo máa padà wá: ohun tí mo mú délé nìyẹn. "Ó yé mi sà" kì í sì í ṣe irọ́ lọ́dọ̀ tiwa, ìtẹríba ni. Èèyàn kì í dá àgbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́ dúró kó ní kó tún un sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìbéèrè yẹn kò wúlò rárá, kí àwọn dókítà wa gbé e jù sí ibì kan. Ẹni tí ẹ bá bi pé ṣé ó yé e, á ní ó yé òun.

Ní oṣù kẹta tí mo ti ń lo oògùn náà, ojú mi yí roboto bí òṣùpá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ọrùn tóbi, ikùn yọ. Ẹ wá wò mí l'Ọ́jà Ọba! "Àǹtí aránṣọ, ẹ ò kì í ṣe ẹni àná mọ́ o!" "Ọkọ yín ń tọ́jú yín!" Ìyá kan tó ń ta òwú bi mí ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí ni mò ń lò, kóun náà lè rà á. Kò sì ṣàwàdà: ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń ra irú oògùn yìí ní kẹ́mísì torí kí wọ́n lè sanra, láìsí ẹni tó bi wọ́n ní ohunkóhun. Èmi ń dáhùn pé "ẹ ṣé, Ọlọ́run ni", mo délé, mo yí dígí kọ ògiri.

Apá ti fúyẹ́ nígbà náà, ibà ti lọ. Owó háyà ṣọ́ọ̀bù sì ti tó san. Mo wò ó pé ara mi ti yá, mo dá oògùn náà dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bí ẹni pa iná.

Ní ọjọ́ kẹrin, orí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù làwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti gbé mi. Mo ń bì, mi ò lè dìde jókòó, ojú ń ṣú mi. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ, wọ́n ní ibà ni, wọ́n fa omi sí mi lára. Ibì kejì ni ẹnìkan ti béèrè oògùn tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, tí ó sì sáré gún mi ní abẹ́rẹ́ hydrocortisone, ìbátan oògùn tí mo dá dúró. Mo ń sọ ọ́ báyìí bí ẹni ń pìtàn, àmọ́ ikú ni mo rí.

Ìyá nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ará Oǹdó. Nígbà tí mo ti lè jẹ ògì, ó fa àga súnmọ́ mi, ó ní iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní mò ń ránṣọ.

Ó ní, "Ó dáa. O mọ ojú tí ẹ máa ń rán sí ẹnu síkẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ń ki rọ́bà bọ̀? Iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ nìyẹn. Aṣọ rẹ̀ jẹ́ ìpele mẹ́ta. Aṣọ yẹn ló ń wú, tó ń le, ojú ibẹ̀ wá ń fún. Ẹ̀jẹ̀ ni rọ́bà. Kò rọ́nà gbà mọ́ dáadáa. Kí ló ń mú un wú? Àdúgbò yín gba ọdẹ, àbí? Kó máa lé olè. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í na onílé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára rẹ nìyẹn. Oògùn tó o jù nù yẹn, ó ń mú ọdẹ tòògbé ni. Bí ọdẹ bá wá ń tòògbé, olè gidi lè wọlé, ìyẹn ló fi jẹ́ pé bí ibà bá mú ọ, bí ikọ́ bá ń bá ọ fínra, o ò gbọdọ̀ jókòó sílé."

Mo ní, kí ló dé tí mo wá ṣubú, nígbà tó jẹ́ pé oògùn ni mo fi sílẹ̀?

"Nǹkan kékeré méjì kan wà tó dé orí kíndìnrín rẹ bíi fìlà. Àwọn ló ń se irú nǹkan tó wà nínú oògùn yẹn fún ara lójoojúmọ́. Ìgbà tí oúnjẹ ti ìta bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láràárọ̀, wọ́n pa iná ààrò wọn. O wá dá oúnjẹ ìta dúró lójijì. Ta ló fẹ́ dáná? Díẹ̀díẹ̀ la fi ń dín in kù, kí wọ́n lè ráyè kó igi jọ."

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mi ò jẹ́ gbàgbé. Kò bi mí bóyá ó yé mi. Ó ní, "Ó yá, fi mí ṣe ìyá ọkọ rẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti abúlé, mo ní kí ló ń ṣe ìyàwó wa. Sọ fún mi." Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní oògùn náà ń pa kòkòrò. Ó ní rárá, kòkòrò wo? Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọdẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó sọ ọ́ já. Ọjọ́ yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ohunkóhun tó wù kí wọ́n kọ sínú fáìlì mi.

Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn yìí, Mikito Takayasu, dókítà ojú ni, ará Japan. Lọ́dún 1908, ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nípa obìnrin ọmọ ọdún 21 kan tí àwọn iṣan tín-tìn-tín inú ojú rẹ̀ so kọ́ra bí òdòdó. Àwọn dókítà méjì mìíràn níbẹ̀ sọ pé àwọn náà ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀, lára aláìsàn tí iṣan ọwọ́ rẹ̀ kò lù. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí torí pé ọwọ́ ni wọ́n fi mọ̀ pé iṣan náà kò lù, bíi ti dókítà ọmọdé mi yẹn. Títí di òní, bí ìfúnpá apá méjì bá fi ju 10 lọ yàtọ̀ síra lára ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe bí mo ṣe ṣe, ó yẹ kí wọ́n wò ó dáadáa. Wọn apá méjèèjì: kò gba owó, kò gba iná.

Irọ́ yìí náà kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló ń tàn jẹ. Iṣan tó lọ sí kíndìnrín mi kan ti fún pẹ̀lú. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló ń dé ibẹ̀, kíndìnrín wá gbà pé ìfúnpá gbogbo ara ti lọ sílẹ̀, ló bá ń pariwo pé kí ara tún un gbé sókè. Bẹ́ẹ̀ ó ti ga tẹ́lẹ̀. Apá òsì ń sọ pé gbogbo nǹkan dára, kíndìnrín ń fi irọ́ tirẹ̀ gbé e ga sí i, orí sì ni rọpárọsẹ̀ máa ń bá a já. Àwọn kan wà tí apá wọn méjèèjì ń purọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn tiwọn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó ń jẹ́ ESR, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àrùn náà ń jà, òun náà a máa dára lórí ìwé nígbà tí iṣan ṣì ń fún lábẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún sikáànù yà lóòrèkóòrè. Ẹ má ṣe bínú bí wọ́n bá ní kí ẹ tún un ṣe.

Ohun tí mo sọ fún ọmọbìnrin yẹn ní ṣọ́ọ̀bù kò tò létòlétò. Mo ní kó máa jẹun kó tó lo Prednisolone, láàárọ̀, torí bó bá lò ó lálẹ́, oorun á sá. Mo ní kó dín iyọ̀ àti magí kù, kó máa yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kó sì bi dókítà rẹ̀ nípa calcium àti Vitamin D, torí oògùn náà máa ń jẹ egungun. Edé àti ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ tegungun-tegungun, kó má fi wọ́n sílẹ̀. Bí ó bá ń bì tí oògùn ò dúró nínú rẹ̀, kó má sùn mọ́ ọn, ilé ìwòsàn ni. Bí ojú bá ṣú lójijì, bí ẹnu bá wọ́, bí ọ̀rọ̀ bá di àkólòlò, bí àyà bá dùn ún, kó má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Wọ́n kọ Methotrexate, oògùn mìíràn tó ń mú ọdẹ tòògbé, fún òun náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí èyí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó lò ó lójoojúmọ́ nípa àṣìṣe, ó ti pa nínú wọn. Jímọ̀ọ̀ ni tèmi, mo sì kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pẹ̀lú máàkà: JÍMỌ̀Ọ̀. Oògùn náà kò bá oyún ṣe rárá. Ó ní òun máa ṣègbéyàwó lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní kó sọ fún dókítà báyìí, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbéyàwó, torí oògùn mìíràn wà tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ní àrùn yìí ló sì ti bímọ láyọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún nígbà yẹn. Kò sunkún nígbà tó ń sọ nípa ikú.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́njú tí wọ́n ń gún fún yellow card, ẹ̀dá abẹ̀mí tí wọ́n rọ̀ lágbára ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ọdẹ rẹ̀ ń tòògbé kò gbọdọ̀ gbà á láìbi dókítà rẹ̀. Bí wọ́n bá wọ àdúgbò wá pẹ̀lú kúlà, sọ oògùn tó ò ń lò fún wọn kó o tó ká apá aṣọ sókè.

Ní ti àgbo, àgbo ni wọ́n fi wẹ̀ mí, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tó ń ru Methotrexate ti ní ẹrù lórí, mi ò lè tún gbé ohun tí mi ò mọ egbò inú rẹ̀ lé e. Mo sọ ọ́ fún Màmá mi bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́, ó ní àdúrà ńkọ́? Mo ní ìyẹn ò ní wàhálà, kí wọ́n máa gbà á lọ.

Èyí tó nira jù fún ọmọbìnrin náà kọ́ ni oògùn. Ó ní, "Àǹtí, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà pé apá tó mú kọ́ ni kó mú?" Mo mọ ohun tó ń wí. Wọ́n ti bú mi rí pé ṣé èmi ni mo kọ́ wọn níṣẹ́. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀ kí n tó jókòó, mo máa kí wọn kú iṣẹ́, kú èrò, mo máa ní, "Ẹ ṣàánú mi mà, apá òsì mi yìí ò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ bá mi wo ọ̀tún." Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má bẹ ẹnikẹ́ni, ẹ̀tọ́ mi ni. Ẹ̀tọ́ mi ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó tọ́ ni mo wá gbà, bí ìkúnlẹ̀ bá máa yá mi lọ́nà, mo ti kúnlẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ń tẹtí sí wa, ó ń ṣe bí ẹni ń lọ aṣọ. Lọ́jọ́ kejì, ó mú búbá méjì tí mo sábà máa ń wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ó fi òwú pupa rán ìdábùú méjì tó kọjá lórí ara wọn sí ọwọ́ òsì wọn, ní ibi tí ìdè ẹ̀rọ máa ń wà gan-an. Ó rán an mọ́, kò sí ibi tó fún.

Ní Túsìdeè, nọ́ọ̀sì tó wà lórí tábìlì kì í ṣe ẹni tí mo mọ̀. Ó ti na ọwọ́ sí òsì mi kí n tó là ẹnu. Ó rí òwú pupa náà, ó fọwọ́ kàn án.

"Kí lẹ fi èyí ṣe, mà?"

"Ààlè ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó yí àga mi po lọ sí apá ọ̀tún. 138 lórí 86.